Ìwé ló ń gbé iṣẹ́ ìtọ́jú sàárè ró: Ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ mọ̀ kó tó gba owó lọ́wọ́ ará òkè òkun

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sin ìyá rẹ̀ sí Àtàn ní Yaba, tó sì wọ bàálù padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ta ni yóò máa bá a ro koríko orí sàárè náà? Ìbéèrè yìí ti di ọ̀rọ̀ owó. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa fún oṣù kan, koríko lè bo mábù tí ìdílé fi owó gidi rà. Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, orúkọ tí wọ́n kọ sára òkúta á ti máa ṣá, irin tó yí sàárè ká náà sì máa ń wọ àwọn olè lójú. Ẹni tó wà lókè òkun kò ní í rí gbogbo èyí, àfi bó bá délé fún ọdún Kérésì, tó wá dúró síwájú igbó, tó ń wá ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò tàbí ìbátan kan. Lóṣù kìíní, ìbátan yóò lọ. Lóṣù kejì, yóò ní òjò ni kò jẹ́ kí òun lè jáde. Tó bá máa fi di oṣù kẹrin, fọ́tò oṣù kìíní ni yóò tún fi ránṣẹ́. Kì í ṣe pé ìbátan náà burú. Kò sẹ́ni tó dá iye iṣẹ́ náà lé, kò sí ìwé kankan láàárín wọn, owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ sì ti dà pọ̀ mọ́ owó sàárè. Àwọn mìíràn a máa ki owó bọ ọwọ́ àwọn ọkùnrin tí wọ́n bá tó ń ṣiṣẹ́ nínú itẹ́ òkú lọ́jọ́ ìsìnkú. Bí ọkùnrin náà bá kúrò níbẹ̀, àdéhùn bá a lọ.

Àyè tó ṣí sílẹ̀ fún oníṣòwò kékeré nìyẹn. Ohun èlò iṣẹ́ náà kò pọ̀: àdá, ọkọ́, garawa omi, búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ tí kò ní í ba mábù jẹ́, ọ̀dà díẹ̀ fún lẹ́tà tó ti ṣá, àti fóònù tó ń ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Costain, àdúgbò tó mú orúkọ rẹ̀ lára iléeṣẹ́ ìkọ́lé àwọn òyìnbó, lè wọ ọkọ̀ Yaba láàárọ̀, kó ro sàárè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdá ni oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston máa kọ́kọ́ béèrè. Ìwé ni.

Ìlú tó ń gbé ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní England àti Wales, òfin ọdún 1977 tó de àwọn itẹ́ òkú ìjọba ìbílẹ̀ fi àyè sílẹ̀ kí ìdílé gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ojú sàárè kan fún iye ọdún tí kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Ẹni tó ti bá irú ètò bẹ́ẹ̀ pàdé kò ní í fọkàn tán ẹni tó kàn ń sọ lórí fóònù pé, “Ẹ má sèyọnu, mo mọ àwọn èèyàn níbẹ̀.”

Inú itẹ́ òkú fúnra rẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi dídá itẹ́ òkú sílẹ̀ àti bíbójú tó o sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìdílé ló ni ilẹ̀ itẹ́ òkú ìjọba, bó ti wù kí mábù wọn wọ́n tó. Ẹ̀tọ́ láti sin òkú síbẹ̀ ni wọ́n sanwó fún. Ẹ̀tọ́ náà lè jẹ́ títí ayé, ó sì lè jẹ́ ti ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì rántí èyí tí wọ́n san mọ́, nítorí ọjọ́ ẹkún ni wọ́n gba rìsíìtì náà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníṣẹ́ gbà lọ́wọ́ oníbàárà, kó tó dárúkọ iye owó rárá, ni ẹ̀dà rìsíìtì ìsìnkú, ìwé ẹ̀rí ikú tí àjọ NPC fi sílẹ̀, nọ́ńbà sàárè bó bá ní, àti fọ́tò ọjọ́ ìsìnkú tó fi ohun tó wà nítòsí hàn. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, kí ó gba orúkọ olóògbé ní kíkún àti ọjọ́ tí wọ́n sin ín, kó fi lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kánsù pé kí wọ́n bá òun wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Oníṣẹ́ tó bá rí i níbẹ̀ pé ọdún sàárè náà ti fẹ́ pé, tó sì sọ fún oníbàárà kó tó gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ti ṣe ohun tó ju koríko ríro lọ.

Ìtàn Èkó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí Mobolaji Johnson jẹ́ gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba wó itẹ́ òkú Ajélè ní Erékùṣù Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther sí lẹ́yìn tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral ní Marina ni ibi ìsinmi rẹ̀ wà báyìí. Crowther ní ìjọ tó lè jà fún un. Olóògbé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà ní Toronto, ẹni tó máa rí ìwé ìkìlọ̀ tí kánsù lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ló nílò. Ó yẹ kí èyí wà nínú iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ń gba owó lé lórí, kí ó sì wà lákọsílẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àjèjì tó bá gbé ọkọ́ wọ itẹ́ òkú láàárọ̀ kùtù, ojú oníṣẹ́ ibi ni wọ́n máa fi wò ó, pàápàá nílùú tí ìròyìn àwọn tó ń wá egungun òkú kò tíì tán nílẹ̀. Kí oníṣẹ́ kọ lẹ́tà sí kánsù tó ni itẹ́ òkú, kó so ẹ̀dà lẹ́tà tí oníbàárà fi yàn án mọ́ ọn, kó sì gba ìdáhùn tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ̀dà ìdáhùn náà ni kó máa wà lápò rẹ̀ nígbà gbogbo. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn birikilà àti àwọn tó ń ro koríko nínú itẹ́ òkú ka ibẹ̀ sí oko wọn. Ẹni tó bá gbọ́n kò ní í bá wọn jà. Yóò gbé iṣẹ́ síìmẹ́ǹtì àti táìsì fún wọn, yóò gba rìsíìtì lọ́wọ́ wọn, yóò sì fi owó náà kún iye tó máa sọ fún oníbàárà. Owó tí kò bá ti ní rìsíìtì, kí ó má ṣe kà á mọ́ owó kánsù nínú ìwé tó ń fi ránṣẹ́, nítorí ọjọ́ kan ni oníbàárà máa béèrè.

Bí sàárè bá wà nínú ọgbà ilé, bí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ti ń ṣe é, kò sí kánsù nínú rẹ̀ mọ́. Àṣẹ àwọn tó ni ilé ló kù, iyẹn sì lè le ju ti kánsù lọ.

Níbí ni iṣẹ́ yìí ti máa ń dà rú. Ta ló ní ẹ̀tọ́ láti yan olùtọ́jú? Ọmọ kẹta tó wà ní Mánṣẹ́sítà lè máa san owó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Múṣin sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan kó bá àjèjì tó ń fọ òkúta bàbá wọn. Lójú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin tó wà láyé, ni olórí ìdílé. Àtọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ni ilé-ẹjọ́ ti ń sọ̀rọ̀ lórí ipò yìí ní Èkó. Lóòótọ́, ẹjọ́ ilé ìdílé nìyẹn, kì í ṣe ti sàárè. Síbẹ̀, ìdílé tí ọ̀rọ̀ ilé ti dá sílẹ̀ kò ní í fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí mábù. Oníṣẹ́ kò lè parí ìjà wọn, ṣùgbọ́n ó lè béèrè pé kí àwọn ọmọ olóògbé tó kù fi ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́, lórí ímeèlì tàbí WhatsApp, pé àwọn mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn ń kọ̀wé ìhàlẹ̀, ó sàn kí iṣẹ́ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìwé tí oníbàárà máa fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìwé méjì ni, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́. Èkíní ni lẹ́tà àṣẹ lásán. Oníbàárà á kọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ olóògbé, bí wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn, ibi tí sàárè wà àti nọ́ńbà rẹ̀, àti ohun tí oníṣẹ́ lè ṣe níbẹ̀. Á buwọ́ lù ú, á sì so ẹ̀dà ojú ìwé ìrìnnà rẹ̀ mọ́ ọn. Fún ríro koríko, fífọ òkúta àti yíya fọ́tò, lẹ́tà yìí lè tó, bí kánsù bá ti gbà á. Oníṣẹ́ tó bá sọ fún oníbàárà pé kó lọ ná owó lọ́yà nítorí koríko, ó ń lé oníbàárà lọ ni.

Èkejì ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney. Ó di dandan nígbà tí oníṣẹ́ bá máa buwọ́ lu ìwé lórúkọ oníbàárà: bíi kí ó tún ọdún sàárè san, kí ó gba àṣẹ láti pààrọ̀ òkúta, tàbí kí ó gba ìwé tó ti sọnù lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba máa ń buwọ́ lu tirẹ̀ níwájú nótárì, yóò gba òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue, Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó fa ìrìn méjì ni pé Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Hague ti ọdún 1961, èyí tó jẹ́ kí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tó láti ilẹ̀ kan dé ìkejì. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní New York àti Atlanta, yàtọ̀ sí ti Washington.

Ọ̀nà tó rọrùn wà fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 150, sọ pé kí ilé-ẹjọ́ gbà pé òótọ́ ni ìwé aṣojú tí wọ́n bá ṣe níwájú nótárì, adájọ́ tàbí aṣojú Nàìjíríà, tí ẹni náà sì jẹ́rìí sí i. Kí lọ́yà nílé bá wọn kọ ìwé náà, kí ó sì kọ ohun tí oníṣẹ́ kò lè ṣe sínú rẹ̀ kedere: kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣí sàárè, kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹlòmíràn kún òkúta, kò sì gbọdọ̀ ta ẹ̀tọ́ sàárè fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tó há báyìí ń dáàbò bo oníṣẹ́ pàápàá. Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé bí ẹni tó fún èèyàn ní irú ìwé yìí bá kú, agbára ìwé náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń fi buwọ́ lùwé lẹ́yìn ikú oníbàárà ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Kí orúkọ ẹnì kejì nínú ìdílé náà wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n lè kàn sí kó wá ṣe ìwé tuntun.

Ìwé tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Kí ó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, nọ́ńbà NIN sì ṣe pàtàkì. Òwò kékeré bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ó dá kọ́ńpìnì sílẹ̀. Ìwé CAC ni yóò fi ṣí àkáùǹtì ní bánkì lórúkọ òwò náà. Àkáùǹtì yìí ló ń fi ọkàn ará òkè òkun balẹ̀ jù, nítorí ẹni tó ti jìyà lọ́wọ́ ìbátan kò fẹ́ san owó sí àkáùǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn lásán mọ́. Owó-orí irú òwò yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ń gbà á, nípasẹ̀ LIRS. Lábẹ́ òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, kò sí owó-orí lórí 800,000 nàìrà àkọ́kọ́ nínú owó tí owó-orí kàn lọ́dún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan, kí a fi ṣe àpẹẹrẹ lásán. Bí oníṣẹ́ bá ní 20 sàárè lọ́wọ́, tó ń gba 12,000 nàìrà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, 240,000 nàìrà ló ń wọlé lóṣù, 2,880,000 lọ́dún. Kí ó yọ owó ọkọ̀, owó omi, ọṣẹ, dátà, owó ọmọ iṣẹ́ àti ohun tí kánsù bá gbà kúrò. Ohun tó kù kò lè sọ èèyàn di olówó, ṣùgbọ́n ó lè san owó ilé ní Súrùlérè. Iṣẹ́ náà kì í sì í tán, nítorí koríko kì í ṣíwọ́ híhù.

Lórí bí owó ṣe máa wọlé, ìlànà tí báńkì àpapọ̀, CBN, gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024 ní kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun máa san nàìrà fún ẹni tó ń gbà á nílé. Nítorí náà, kí iye owó wà ní nàìrà. Àmọ́ kí oníṣẹ́ má ṣe dá iye kan lé fún ọdún mẹ́ta. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé ìlàjì, dọ́là kan kò tó 500 nàìrà ní ọjà ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400, ọṣẹ àti owó ọkọ̀ kò sì dúró dè é. Ọdún kan ni kí àdéhùn jẹ́, kí wọ́n sì tún iye wò lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 2025 ni CBN ti gbé ètò àkáùǹtì kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi, pẹ̀lú BVN tí wọ́n lè gbà láìwá sílé. Oníbàárà tó bá ní in lè máa san nàìrà lóṣooṣù láti ibi tó wà.

Ṣé kí oníṣẹ́ gba owó ọdún kan ṣáájú? Ó dùn mọ́ ọn, kò dùn mọ́ oníbàárà. Ní Jámánì, níbi tí òwò yìí ti gbilẹ̀, àwọn olùtọ́jú ọgbà itẹ́ òkú ní àjọ kan láàárín, tó ń gba owó ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ìdílé, tó ń san án fún oníṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń rán èèyàn lọ wo bóyá iṣẹ́ náà ń lọ. Kò sí ohun tó sọ pé kí lọ́yà kan ní Èbúté-Mẹ́tta má lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún oníṣẹ́ àti oníbàárà rẹ̀: kí owó oṣù mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa san án bí fọ́tò bá ti ń wọlé.

Fọ́tò yìí ni rìsíìtì iṣẹ́. Kí wọ́n ya kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ya lẹ́yìn rẹ̀, láti ibì kan náà, kí orúkọ tó wà lára òkúta hàn, kí ọjọ́ sì hàn lórí fóònù. Fídíò kúkúrú dára jù, nítorí ó ṣòro láti fi ti àná rọ́pò ti òní. Kí wọ́n má ṣe ya ìsìnkú ẹlòmíràn tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́ ọn, kí wọ́n má sì gbé fọ́tò sàárè oníbàárà sórí Facebook láti fi polówó ọjà láìgba àṣẹ. Yàtọ̀ sí pé òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo àṣírí èèyàn ti wà, ìdílé tó bá rí òkúta bàbá rẹ̀ nínú ìpolówó kò ní í dárí jì wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nígbà tó bá tóbi, kí ó wo àwọn sàárè ọmọ-ogun ìgbà ogun àgbáyé tó wà ní Yaba kan náà. Àjọ tó ń bójú tó wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1917, jókòó sí Maidenhead ní England, ó sì ń tọ́jú ìrántí nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7 èèyàn ní ilẹ̀ tó ju 150 lọ. Kò sẹ́ni tó lè dá irú iye bẹ́ẹ̀ mọ̀ lórí. Ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó wà. Ìwé ńlá kan tí oníṣẹ́ rà ní Ọ̀yìngbò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún 20 sàárè: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ tí ó lọ, ohun tó bá níbẹ̀, ohun tó ṣe, iye tó ná.

Ó kù bí ẹ̀sìn ìdílé bá ṣe rí. Àwọn Mùsùlùmí kan kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ nǹkan gíga sórí sàárè rárá, kò sì yẹ kí oníṣẹ́ fi mábù lọ̀ wọ́n. Àwọn kan yóò ní kí ó gbàdúrà níbẹ̀, kí ó da omi sílẹ̀, tàbí kí ó gbé òdòdó sí i. Èyí tí kò bá bá ẹ̀sìn tirẹ̀ mu, kí ó sọ kí ó tó gbowó. Èyí tó bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú iye rẹ̀, nítorí òdòdó kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Iṣẹ́ máa ń pọ̀ nígbà òjò, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Àwọn ọmọ Kátólíìkì máa ń rántí òkú wọn ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, àwọn ará òkè òkun sì máa ń dé lóṣù kejìlá, tí wọ́n á lọ wo sàárè kí wọ́n tó lọ jó níbi ìgbéyàwó. Ìwé iye owó tí oníṣẹ́ kò bá fi ránṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ó ṣeé ṣe kí ó bá ìbátan tó ti gbowó lọ́nà.